Ètò Ara Ògiri àti Ohùn Inú Fóònù Oníbúrẹ́dì

                                                  Yàrá Kejìlá,
                                                  Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Akọ̀wé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Màmá Kékeré ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbọ́ oògùn, àbí wọ́n ṣì ń di ògiri mú gun àtẹ̀gùn? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú títú rédíò tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa palẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Bá mi kí wọn kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú, torí bí o bá kà á tán, o lè má rántí mọ́. Èmi náà wà. Mò ń sùn, mò ń jí, ibà kò mú mi, orí kò fọ́ mi. Ohun tó ń ṣe mí kò sí lára.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O kú oríire o. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà ọ́ wọlé, mo pariwo débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì kan ògiri. Akọ̀wé wa, tó ti ń ki bírò bọ ẹ̀yìn etí láti ìgbà tí kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀, òun náà ló wá di akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Inú mi dùn gan-an. Má ṣe jẹ́ kí ohun tí màá sọ nísàlẹ̀ mú ọ rò pé inú mi kò dùn.

Ṣùgbọ́n o béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, òun ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. O ní kí n ya àwòrán ètò ìkàwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè máa ṣe bí mo ṣe ń ṣe. O ní Màmá Kékeré sọ pé bí o bá lè ṣe ìdajì ohun tí mò ń ṣe, ọkàn àwọn á balẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kà dé tí mo fi ká lẹ́tà náà pọ̀, tí mo tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Mo sùn lé e lórí títí, kò sì rọ̀ mí lọ́rùn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ṣe rí, kí o má baà rò pé mo fẹ́ fi nǹkan rere pamọ́ fún ọ. Páálí funfun ńlá ni, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo fi rúlà fa ìlà sí i láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àìkú. Àwọ̀ ewé ni mo fi kọ iṣẹ́ nípa ara èèyàn, búlúù ni ìṣirò oògùn, pupa ni iṣẹ́ yòówù tí mo bá ń bẹ̀rù. Nísàlẹ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan ni mo fi àyè kékeré sí, kí n lè sàmì sí i bí mo bá ti kàwé náà tán. Àwọn ọmọ kíláàsì wa máa ń wá wò ó. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ètò, wọn ò sì mọ̀ pé àtilé ni orúkọ náà ti tọ́ sí mi. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, torí ìwọ ni mo kọ́kọ́ ṣe ètò àwo fífọ̀ fún, tí mo sì fi gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta sábẹ́ orúkọ rẹ. Mo tọrọ àforíjì fún ìyẹn náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àforíjì ni mò ń tọrọ kiri báyìí.

Ètò náà dára o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ṣètò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ á gun orí iṣẹ́ fún un, kó tó ṣẹ́jú, ìdánwò ti dé. Àìsàn tèmi ni pé ṣíṣe ètò dùn mọ́ mi ju títẹ̀lé e lọ. Bí mo bá ti ṣubú sẹ́yìn, dípò kí n jókòó ka ohun tó ṣẹ́kù, páálí mìíràn ni màá lọ rà. Màá tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, màá fi odindi ọ̀sán kun àwọ̀ sí i. Ìgbà tí mo bá fi máa ṣe tán, ojú mi á ti wúwo, ara mi á sì balẹ̀ bíi ti ẹni tó kàwé. Ohun tí wọ́n ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Àmì yẹn ló tilẹ̀ burú jù. O ò mọ bó ṣe dùn tó láti sàmì sí àpótí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí iṣẹ́ tí mo kàn ṣí ìwé rẹ̀ lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń sàmì sí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in lọ́kàn láti ṣí.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Oníbúrẹ́dì jẹ́ fún ọ báyìí, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọ kíláàsì mi ni, ó fi díẹ̀ jù mí lọ́jọ́ orí. Ilé búrẹ́dì kan wà ní òdìkejì òpópónà tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera wa, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti jáde ní kíláàsì lọ́sàn-án, ibẹ̀ ló ń gbà lọ tààrà. Á wọ ẹ̀wù iṣẹ́, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìyẹ̀fun títí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́ ara rẹ̀ níléèwé. O sì mọ̀ pé ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kò lè di ìwé mú. Ìgbà tó bá fi máa délé, apá rẹ̀ á ti kú, á kàn ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì ni. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìṣirò oògùn tó ń lé èmi kiri, ẹ̀rín ló fi ń rín in.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe forí korí. Àdéhùn wa ni pé òun á máa kọ́ mi ní ìṣirò láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi á máa ka iṣẹ́ nípa ara èèyàn, màá fi ẹnu mi ṣàlàyé rẹ̀ sínú fóònù, màá fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i, òun á sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń po ìyẹ̀fun. Ìwé kan ṣoṣo la jọ ní fún iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé, torí èmi ni mò ń kà á. Èmi gan-an ni mo mú ìmọ̀ràn yìí wá. Mo fi sínú ètò, mo fún un ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí o bá rí ẹni tí ẹ lè jọ pín iṣẹ́ báyìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, di í mú o, torí ó ràn wá lọ́wọ́ gidi ní ìbẹ̀rẹ̀. Mò ń kàwé nígbà náà. Mo máa ń kà á tán pátá kí n tó la ẹnu.

Ilé búrẹ́dì yẹn kì í dákẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn, irin ń lu irin. Nítorí náà, Oníbúrẹ́dì máa ń gbé fóònù sínú abọ́ irin kan kí ohùn lè jáde dáadáa. Bí gbogbo ilé búrẹ́dì ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá wọn tó ń dúró ti ààrò ń gbọ́, ìyá tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá náà ń gbọ́. Ìyá yìí ló sọ mí ní Tíṣà Inú Abọ́. Bí mo bá lọ ra búrẹ́dì, èyí tó gbóná jù ni wọ́n máa ń mú fún mi, wọ́n á ní kí n bi àwọn léèrè ohun tí kíndìnrín ń ṣe. Màá bi wọ́n, wọ́n á sì dáhùn láìṣì. Orí mi wú, Akọ̀wé. Ó wú ju búrẹ́dì wọn lọ.

Ìgbà tí iṣẹ́ kan ọkàn, ìyẹn ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara, ni ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra páálí tuntun. Kí n tó ya ètò tán, Oníbúrẹ́dì ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti wọ ẹ̀wù iṣẹ́, òun ò tíì rí ohùn gbà. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò tíì kà á. Mo ṣí ìwé sí ibi tí wọ́n ya ọkàn sí, mo fi ojú fò ó, mo rí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́ òsì ìwé, mo rí èkejì lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo tẹ fóònù. Mo wá fi ohùn tó dúró ṣinṣin sọ pé apá òsì ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, apá ọ̀tún ló ń tì í lọ sí gbogbo ara. Mo tilẹ̀ fi orin kékeré kan sí i kó lè rọrùn láti rántí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sàmì sí àpótí.

Ohun tí mi ò kà ni ìlà kan ṣoṣo tó wà lókè àwòrán náà. Ìlà yẹn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé bíi ti ẹni tó dojú kọ ọ́ ni wọ́n ṣe ya ọkàn náà, nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ òsì ìwé, apá ọ̀tún ni lára onítọ̀hún. Òdìkejì gbáà ni mo kọ́ ọ. Apá ọ̀tún ló ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, apá òsì ló ń lọ sí gbogbo ara. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò tilẹ̀ balẹ̀, inú fóònù ló bọ́ sí, wọ́n ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́ lójoojúmọ́.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, màá pè é ní àṣìṣe, màá sì bẹ̀bẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láàárọ̀ ìdánwò àárín sáà, mo tètè dé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta gbọ̀ngàn, mo wá ka ojú ewé yẹn gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí ìlà náà. Bí mo ṣe gbójú sókè, Oníbúrẹ́dì ló ń bọ̀ yẹn, ó ń mi orí, ètè rẹ̀ ń mì sí orin tí mo fi kọ́ ọ. Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Kò sí ohun tí wọ́n lè bi mí nípa ọkàn lónìí tí mi ò ní dáhùn."

Àyè wà, Akọ̀wé. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: mo ṣì í sọ, yí i padà. Mo wí fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́ lásìkò yìí, ọpọlọ rẹ̀ á dàrú. Mo wí fún ara mi pé bóyá wọn ò tilẹ̀ ní béèrè rẹ̀. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí mò ń sá fún ni kó bi mí pé, ṣé o ò kà á nígbà yẹn ni? Ìyá Ètò kò lè gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe àṣeyọrí, mo dìde, mo wọlé.

Ìbéèrè tó gba máàkì jù lọ́jọ́ náà ni pé ká ya ọkàn, ká sì tọpa ẹ̀jẹ̀ láti ibi tó ti ń wọlé títí dé ibi tó ti ń jáde. Èmi kọ èyí tó tọ̀nà.

Nígbà tí èsì jáde, orúkọ mi wà lára àwọn tó wà lókè. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí ẹni tó bá ti ṣi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbéra, gbogbo ibi tó bá tún gbé e gbà ló ti ṣì. Wọn kì í dá ìwé ìdánwò padà fún wa. Olùkọ́ kàn sọ fún un pé ó gbé òsì fún ọ̀tún. Ó wá bá mi ní ilé ìkàwé. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ bó bá bínú. Kò bínú, ńṣe ló kí mi kú oríire. Ó ní, "Mo tún ohùn rẹ gbọ́. Ohun tó o sọ náà ni mo rò pé mo kọ. Àṣé òdì lọwọ́ mi kọ ọ́." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ó ní tíṣà òun nígbà tóun wà ní kékeré máa ń fi rúlà gbá ọwọ́ náà, á ní ọmọ tó ń lo òsì kò ní mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún títí ayé. Ó ní òun rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àṣé ó ṣì wà lára òun. Èmi náà ń wo ọwọ́ yẹn. Òtítọ́ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo ní kó má ṣèyọnu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò rí i ní kíláàsì mọ́. Ẹnu ìyá tó ń di búrẹ́dì ni mo ti gbọ́ pé ọ̀gá ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn dúró ti ààrò láti òwúrọ̀ dé alẹ́, àti pé Oníbúrẹ́dì fẹ́ gbà á. Wọ́n ní ó sọ pé iṣẹ́ ìlera kì í ṣe ti ẹni tó lè gbé òsì fún ọ̀tún, pé òun ò fẹ́ lọ fi ọwọ́ ara òun pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ dá ọ̀gá lóhùn, kó sì lọ sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì pé òun ò ṣe mọ́. Búrẹ́dì tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà, mi ò lè jẹ ẹ́. Ẹni tó lọ́pọlọ jù mí lọ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí ìlà kan tí èmi ò kà.

Síbẹ̀, mi ò lọ bá a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì jáde kí n má baà kọjá lẹ́nu ilé búrẹ́dì. Mo tún ra páálí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Mo ya ètò, mo kọ "bá Oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀" sínú àpótí kan, mo fún un ní àwọ̀ pupa. Mo gbé e láti Ọjọ́ Ajé lọ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún gbé e láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí Ọjọ́rú. Ọjọ́rú náà ni mo fa lẹ́tà rẹ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé, "Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe, torí mo mọ̀ pé ẹ ti gbìyànjú ẹ̀ wò." O ò ṣẹ̀ mí ní nǹkan kan, o kàn gbà mí gbọ́ ni. Ẹlòmíràn ti gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí ibi tó gbé e dé.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe jáde ní kíláàsì, mo gbé ìwé náà, mo lọ. Àárín iṣẹ́ ni mo bá wọn. Oníbúrẹ́dì dúró ti tábìlì gígùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀, ó ń yí i. Ọ̀gá wà nídìí ààrò. Ìyá tó ń di búrẹ́dì ló kọ́kọ́ rí mi. Wọ́n ní, "Tíṣà Inú Abọ́, ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta." Kí n tó dáhùn, wọ́n ti fi orin yẹn kí mi: òsì sí ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀tún sí gbogbo ara. Ọ̀gá gbè é láti ìdí ààrò. Wọ́n mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Èrò tí mo gbé wá ni pé màá fa Oníbúrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sọ ọ́ fún un ní jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ orin náà lẹ́nu wọn, mo rí i pé gbangba ni mo ti bà á jẹ́, gbangba ni mo ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró ná. Mo ní, "Orin yẹn kò tọ̀nà. Ọ̀tún ló ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Èmi ni mo kọ́ yín ní òdì. Mi ò kàwé lọ́jọ́ yẹn, àwòrán ni mo wò." Mo yíjú sí Oníbúrẹ́dì, mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ohun tí mo sọ gẹ́lẹ́ lo kọ." Ìyá náà gbé ọ̀rá ọwọ́ wọn sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun lọ. Láìgbójú sókè, ó ní, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí kọ́ nìyẹn. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Mo lè sọ pé ìgbà tí èsì jáde ni, kò sì sẹ́ni tó máa já irọ́ mi. Mo ní, "Orí bẹ́ǹṣì. O jókòó tì mí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀gá, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò mí láti ìdí ààrò, wọ́n ní, "O ò ṣe é re, ìwọ ọmọ yìí." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, torí búrẹ́dì tó wà nínú iná kì í dúró de ẹkún ẹnikẹ́ni. Mò ń sunkún nígbà yẹn, bí o bá fẹ́ mọ̀. Oníbúrẹ́dì ní kí n jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun kí òun parí ti ọwọ́ òun. Mo jókòó. Wọ́n gbé búrẹ́dì wọ inú ààrò, wọ́n gbé òmíràn jáde. Nígbà tó yá, Oníbúrẹ́dì fọ ọwọ́, ó nù ún, ó mú fóònù kúrò nínú abọ́ irin, ó wá ń pa ohùn mi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi: ti kíndìnrín, ti ẹ̀dọ̀, ti egungun. Ó ku ti ọkàn nìkan. Ó ní òun ò ní pa ìyẹn rẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, mò ń wá ibi tí mo ti ṣì ọ́ gbọ́. Ohùn tó o fi sọ èyí tó o kà àti ohùn tó o fi sọ èyí tó ò kà, ọ̀kan náà ni. Báwo ni màá ṣe wá mọ̀ ọ́n?" Mo kó ìwé mi, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ rò ó fún olùkọ́ wa. Wọ́n ní máàkì kò lè yí padà, pé ohun tí kálukú bá kọ ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò ìparí sáà ṣì ń bọ̀, Oníbúrẹ́dì sì lè fi gbé ara rẹ̀ dìde bó bá jókòó ṣe é. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Ó fèsì pé òun gbọ́. Mi ò lẹ́nu láti béèrè bóyá ó ti dá ọ̀gá lóhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo yọ ètò kúrò lára ògiri. Ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀ funfun ju ibi tó kù lọ, mi ò sì fẹ́ máa wò ó.

Àná Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tó máa ń kọ́ mi ní ìṣirò, mo rò pé mi ò ní gbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí n gbé ìwé wá sí ilé búrẹ́dì. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ní òun ti bẹ ọ̀gá kí wọ́n mú sùúrù di ẹ̀yìn ìdánwò. Ó ní òun ò tíì dárí jì mí, kí n má lọ rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ fóònù ti parí, kí n ṣíwèé, kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè kí n tó fi ẹnu ara mi ṣàlàyé. Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mò ń kà. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, á ní, "Níbo ló wà níbẹ̀?" Màá fi ìka sí i. Á ní kí ìyá tó ń di búrẹ́dì bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá náà á wá gíláàsì wọn, wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ojú ń tì mí, ó sì tọ́ sí mi. Nígbà tó yá, ó bi mí pé bí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn kò bá padé dáadáa, ibo ni ẹ̀jẹ̀ máa padà sí. Mo ti mí sínú láti dáhùn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wá ní, "Mi ò mọ̀. Jẹ́ kí n wò ó."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí ìyẹ̀fun, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Ohùn tí mò ń wá nìyẹn."

Nítorí náà, àbúrò mi, ètò tí o béèrè kò sí nínú àpò lẹ́tà yìí. Ṣe tìrẹ, kó kéré, bírò kan ṣoṣo sì tó o. Má sàmì sí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí o ṣíwèé rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá bi ọ́ ní ìbéèrè lórí rẹ̀ tí o sì dáhùn ni kí o sàmì. Bí o bá ṣubú sẹ́yìn, ka ohun tó kù, má lọ ra páálí. Bí ìwọ àti ẹlòmíràn bá pín iṣẹ́, tí o kò sì rí tìrẹ kà, sọ fún un pé o ò kà á. Ó máa bínú fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyẹn ò sì lè pa ẹnikẹ́ni nínú yín.

Jọ̀wọ́, ka lẹ́tà yìí fún Màmá Kékeré láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má fo ibi kankan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ọ títí tí wọ́n á fi mọ ohun tí mo ṣe. Bá mi kí Bàbá, sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n fi rédíò yẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí gbogbo ará ilé. Nígbà tí o bá sì ń múra ìrìn àjò kọ́lẹ́ẹ̀jì, má di ìwé sísàlẹ̀ ẹrù, òkè ni kí o kó o sí.

Mo rí i pé ohùn mi tún ti ń dúró ṣinṣin bí mo ṣe ń gbà ọ́ nímọ̀ràn yìí. Bí o bá ń fèsì, bi mí pé níbo ló wà níbẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì mọ̀ ọ́n,

Ìyá Ètò